Tamsulosin fún òkúta inú kíndìnrín: ohun tí ojú mi rí àti ohun tí ìwádìí sọ

Kápúsù méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n kà fún mi, pé kí n máa lo ẹyọ kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Apá kan kápúsù náà ní àwọ̀ ọsàn, apá kejì ní àwọ̀ ewé, 0.4 mílígíráàmù oògùn tí wọ́n ń pè ní tamsulosin ló sì wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi fún mi ni òkúta kan tí ó ti kúrò nínú kíndìnrín mi ọ̀tún, tí ó sì há sí ìsàlẹ̀ ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà lọ sí àpò ìtọ̀. Ẹni tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá ti mú rí kò nílò àlàyé mi: kò sí bí ènìyàn ṣe lè jókòó tí ara yóò fi rọ̀ ọ́, kò sí bí ó ṣe lè dùbúlẹ̀, ńṣe ni yóò máa ká jọ, tí yóò máa nà, tí èébì yóò sì máa gbé e. Ní ọjọ́ kọkànlá tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo kápúsù yìí, òkúta náà bọ́.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní oògùn náà ṣiṣẹ́. Ohun tí ó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ni pé èmi tí mo lò ó kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló ṣe é, nítorí pé òkúta a máa bọ́ fúnra rẹ̀ láìsí oògùn kankan. Àkójọ ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìtọ̀ ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ gbé jáde ní 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún òkúta tí kò ju mìlímítà márùn-ún lọ, nǹkan bí 68 ló ń jáde fúnra wọn, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún tí ó wà láàárín mìlímítà márùn-ún sí mẹ́wàá, nǹkan bí 47 ló ń jáde. Nígbà tí ohun tí à ń tọ́jú bá jẹ́ èyí tí ó lè lọ fúnra rẹ̀, ẹ̀rí ẹnì kan, bó ti wù kí ó dá a lójú tó, kò lè sọ bóyá oògùn ni ó lé e lọ tàbí ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní láti lọ wo ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n dán oògùn yìí wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn.

Kì í ṣe torí òkúta ni wọ́n ṣe ṣe tamsulosin. Oògùn àwọn ọkùnrin tí próstéètì wọn ti wú ni, tí ìtọ̀ wọn kò já geere mọ́. Iṣẹ́ yìí ni FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ní 1997. Ó ń dẹ àwọn iṣan tí ó wà ní ọrùn àpò ìtọ̀ àti nínú próstéètì. Irú iṣan tí oògùn náà ń bá wí yìí wà lára ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà ti inú kíndìnrín wá pẹ̀lú, pàápàá ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà náà ti fẹ́ wọ àpò ìtọ̀. Bí òkúta bá há síbẹ̀, iṣan náà a máa fún mọ́ ọn léraléra, èrò àwọn dókítà sì ni pé bí a bá dẹ iṣan náà, òkúta yóò rí àyè yọ́ kọjá. Èrò náà mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n oògùn tí èrò ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́gbọ́n dání pọ̀ lọ súà tí kò ṣe nǹkan kan nígbà tí wọ́n gbé e dé ara ènìyàn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà dùn púpọ̀. Ní 2006, The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn, gbé àkójọ ìwádìí mẹ́sàn-án jáde, aláìsàn 693 ló sì wà nínú wọn lápapọ̀. Ohun tí àkójọ náà sọ ni pé ìrètí kí òkúta bọ́ fi nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ga lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n lo irú oògùn yìí, tàbí àwọn ẹbí nifedipine tí à ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ju ti àwọn tí kò lò wọ́n lọ. Láti ìgbà náà ni kíkọ tamsulosin fún olókùúta ti gbilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Àléébù ibẹ̀ ni pé àwọn ìwádìí kéékèèké ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì fún àwọn tí kò lo oògùn ní ohunkóhun tí ó jọ oògùn. Aláìsàn mọ̀ pé òun ń lo oògùn tàbí pé òun kò lò ó, dókítà náà sì mọ̀. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ òkúta, ó tó láti yí àbájáde padà. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun wà lórí oògùn yóò fara da ìrora fún ọjọ́ díẹ̀ sí i, nítorí pé ó ní ìrètí. Ẹni tí wọ́n ní kí ó kàn lọ máa mu omi yóò tètè padà wá pé kí wọ́n bá òun yọ ọ́. Wọ́n á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òkúta ti ẹnì kejì kò bọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn kò fún un láyè tó láti bọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwádìí tí ó tóbi fi máa ń ṣẹ́ kèké láti pín àwọn aláìsàn, tí wọ́n á fún àwọn kan ní oògùn gidi, tí wọ́n á sì fún àwọn yòókù ní hóró òfìfo tí ó jọ ọ́ bí ìbejì, tí aláìsàn kò ní mọ èyí tí òun ń gbé mì, tí dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ náà kò sì ní mọ̀.

Èyí tí ó kọ́kọ́ mi ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn nínú oògùn náà ni ìwádìí kan tí wọ́n pè ní SUSPEND. Ilé ìwòsàn 24 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba kan náà ló kópa nínú rẹ̀, aláìsàn 1,167 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan lo tamsulosin, àwọn kan lo nifedipine, àwọn kan lo hóró òfìfo, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó lo hóró òfìfo, 80 ni kò nílò ìtọ́jú mìíràn fún òkúta wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lọ́dọ̀ àwọn tamsulosin, 81. Lọ́dọ̀ àwọn nifedipine, 80. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Kápúsù tí wọ́n fi pamọ́ fún mi bí ìṣúra kò fi nǹkan kan sàn ju hóró tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ìwádìí náà ní ìbéèrè méjì kí a tó sọ oògùn nù. Èkínní ni pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aláìsàn yẹn ni òkúta wọn kò ju mìlímítà márùn-ún lọ, irú òkúta bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó ń bọ́ fúnra rẹ̀ jù lọ. Bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún bá ti là láìlo nǹkan kan, àyè wo ni ó ṣẹ́ kù fún oògùn láti fi agbára rẹ̀ hàn? Èkejì ni pé wọn kò fi àwòrán wo inú gbogbo aláìsàn láti mọ̀ bóyá òkúta ti lọ lóòótọ́. Ohun tí wọ́n kà ni bóyá wọ́n tún nílò ìtọ́jú tàbí wọn kò nílò rẹ̀. Èmi kò rí ìyẹn bí àṣìṣe, nítorí pé ohun tí aláìsàn fẹ́ ni kí ó má ṣe dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè ẹni tí òkúta tirẹ̀ tóbi.

Ìwádìí ti Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 2018, tí wọ́n pè ní STONE, kò yàtọ̀ sí ìyẹn púpọ̀. Aláìsàn 512 ni, tí òkúta wọn kò tó mìlímítà mẹ́sàn-án. Láàárín ọjọ́ 28, òkúta bọ́ lára 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tamsulosin, ó sì bọ́ lára 47 lọ́dọ̀ àwọn tí ó lo hóró òfìfo. Ẹni tí ó bá fi 50 yìí wé 80 ti àkọ́kọ́ lè rò pé àwọn ara Amẹ́ríkà ní òkúta líle jù. Rárá o. Ìdí ni pé nínú ìwádìí yìí, wọn kì í kà á pé òkúta bọ́ àfi bí aláìsàn fúnra rẹ̀ bá fi ojú rí i tàbí tí ó mú un lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ òkúta kéékèèké ló sì máa ń bá ìtọ̀ lọ láìjẹ́ pé ẹni tí ó tọ̀ ọ́ mọ̀. Ìwọ̀n òkúta wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ mìlímítà 3.8. A tún ti padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òkúta kéékèèké nìyẹn.

Ìwádìí tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé mi wá láti Ọsirélíà, ní 2016. Aláìsàn 403 ni wọ́n gbà, gbogbo wọn ni òkúta wọn wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ìtọ̀, wọ́n sì fi àwòrán CT yẹ wọ́n wò lẹ́yìn ọjọ́ 28 láti rí i dájú. Nígbà tí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni òkúta wọn lọ pẹ̀lú tamsulosin, 82 pẹ̀lú hóró òfìfo, ìyàtọ̀ tí kò tó ohun tí a lè dúró lé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ya àwọn tí òkúta wọn jẹ́ mìlímítà márùn-ún sí mẹ́wàá sọ́tọ̀, ó di 83 sí 61. Ìyẹn ni pé bí ènìyàn bí márùn-ún tí wọ́n ní òkúta ńlá bá lo oògùn náà, ẹnì kan nínú wọn ni yóò rí òkúta rẹ̀ bọ́ tí kì bá má bọ́. Àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí náà kò ju 77 lọ, iye yẹn kò sì tó fún mi láti búra lé e lórí. Ìwádìí ti Ṣáínà tí ó jáde ní 2018 ló fi iye ènìyàn tì í lẹ́yìn: aláìsàn 3,296 ní ilé ìwòsàn 30, òkúta mìlímítà mẹ́rin sí méje, ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ìtọ̀. Níbẹ̀, 86 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ pẹ̀lú oògùn, 79 bọ́ pẹ̀lú hóró òfìfo, àwọn tí òkúta wọn ju mìlímítà márùn-ún lọ ni èrè náà sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Oògùn ìrora tí àwọn tí ó lo tamsulosin nílò tún kéré sí ti àwọn yòókù.

Ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ìwádìí jọ àti yíyẹ ojúlówó wọn wò, kó ìwádìí 67 jọ ní 2018, aláìsàn tí ó lé ní 10,000 ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ bá ti Ọsirélíà àti Ṣáínà mu: oògùn irú tamsulosin ṣeé ṣe kí ó ran òkúta tí ó ju mìlímítà márùn-ún lọ lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ó má ṣe nǹkan kan fún èyí tí ó kéré. Wọ́n tún sọ pé bí ìwádìí bá ṣe péye tó ni èrè oògùn náà ń dín kù tó.

Nígbà tí mo mọ èyí tán ni inú bí mi, kì í ṣe sí oògùn. Ní ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ya àwòrán mi, wọ́n ní òkúta wà níbẹ̀, wọ́n kọ tamsulosin, wọ́n ní kí n máa lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ bí òkúta náà ṣe tóbi tó fún mi, kò sì sí ẹni tí ó sọ ibi tí ó wà. Èmi ni mo padà lọ ní ọjọ́ kẹta láti lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ka ìwé àwòrán náà fún mi, nọ́ọ̀sì kan sì fi ìka tẹ̀lé ìlà náà títí ó fi kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí: mìlímítà mẹ́fà, ìsàlẹ̀, ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré yìí ló pinnu bóyá oògùn tí ó wà lọ́wọ́ mi wúlò fún mi. Bí wọ́n bá kọ tamsulosin fún ọ, má ṣe kúrò níwájú dókítà láìjẹ́ pé o mọ̀ wọ́n.

Ní ti lílò rẹ̀, kò nira. Wọ́n ní kí n máa lò ó ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kan náà lójoojúmọ́, kí n má sì jẹ ẹ́ lẹ́nu tàbí kí n ṣí i, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe é pé kí ó máa tú jáde. Alẹ́ ni mo yàn. Ní òwúrọ̀ kejì, bí mo ṣe dìde lórí ibùsùn wùyà, òòyì kọ́ mi tí mo fi di ògiri mú. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń jókòó sí etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú kan kí n tó nàró, kò sì tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Oògùn náà a máa mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dìde, nítorí náà kí ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sọ fún dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun kejì jẹ́ ti àwọn ọkùnrin, èmi yóò sì sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi: àtọ̀ lè dín kù gan-an tàbí kí ó má jáde rárá nígbà tí ènìyàn bá ń lo oògùn náà. Ó bà mí lẹ́rù gidigidi kí n tó mọ̀ pé oògùn ni, ó sì padà sí ipò rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí mo dáwọ́ dúró. Kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú nítorí ojú tí ń ṣú sọ fún dókítà ojú rẹ̀ pé òun lo tamsulosin rí, ìbáà jẹ́ pé ó ti pẹ́. Láti 2005 ni àwọn onímọ̀ ti kọ̀wé pé ó ń sọ iris, apá tí ó ní àwọ̀ nínú ẹyinjú, di dẹngbẹrẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ abẹ náà.

Tamsulosin kì í ṣe oògùn ìrora, kí ẹnikẹ́ni má retí pé yóò mú ìrora lọ lálẹ́ ọjọ́ tí ó bá gbé e mì. Ti ìrora ní ìwádìí tirẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí bí ó ṣe yanjú ọ̀rọ̀. Ní Qatar, wọ́n pín aláìsàn 1,645 tí òkúta ń dá lóró sí mẹ́ta: abẹ́rẹ́ diclofenac, paracetamol tí wọ́n fa sí ojú iṣan, àti morphine. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìrora ti dín kù dé ìdajì fún 68 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn diclofenac, 66 lọ́dọ̀ àwọn paracetamol, 61 lọ́dọ̀ àwọn morphine. Abẹ́rẹ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ló ṣe dáadáa jù. Àmọ́ kò yẹ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fún ẹni tí òkúta tirẹ̀ kọ̀ láti bọ́, ọ̀nà méjì tí ó wọ́pọ̀ ni fífi ìgbì ìró tí ó lágbára fọ́ ọ láti ìta ara, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ènìyàn ní Munich, ní Jámánì, ní 1980, àti fífi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ wọlé lọ fọ́ ọ kí wọ́n sì kó o jáde. Ìwádìí TISU ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí aláìsàn 613 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ fi ìgbì tọ́jú, 22 ló tún nílò ìtọ́jú mìíràn, ó sì jẹ́ 10 fún àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ inú wọn. Síbẹ̀, 78 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìgbì yẹn gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ inú ara, ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré lójú èmi.

Dídúró de oògùn pàápàá ní ibi tí ó mọ. Bí ibà tàbí òtútù bá bá ìrora òkúta rìn, bí ìtọ̀ bá dá, tàbí bí ó bá jẹ́ pé kíndìnrín kan ṣoṣo ni ènìyàn ní, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lọ́jọ́ náà, kí ó má jókòó ti kápúsù. Òkúta tí ó dí ọ̀nà ìtọ̀ tí kòkòrò àrùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀ a máa pani.

Òkúta mi bọ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń tọ̀ sínú asẹ́ kékeré kan tí wọ́n fún mi, ó sì ti ń sú mi. Mo gbọ́ ìró kan tín-ín-rín, bí ìgbà tí ìyẹ̀pẹ̀ bá bọ́ sórí ike, mo tan iná. Ó wà níbẹ̀, ó dúdú díẹ̀, ó ní ẹ̀gún wíníwíní lára káàkiri, kò sì tó hóró ẹ̀wà kan. Mo fọ̀ ọ́, mo fi í sínú ìgò kékeré, mo gbé e lọ fún wọn kí wọ́n yẹ ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n wò: calcium oxalate ni, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ.

Bí mo bá ní láti fún oògùn yìí ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá ni màá fún un fún òkúta tí ó ju mìlímítà márùn-ún lọ, tí kò ju mẹ́wàá lọ, tí ó sì ti dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà ìtọ̀, bíi tèmi. Fún èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, méjì ni, torí pé òòyì rẹ̀ dájú ju èrè rẹ̀ lọ. Bí irú rẹ̀ bá tún há mi, tí wọ́n sì ní mìlímítà mẹ́fà ni, màá tún lò ó. Bí wọ́n bá ní mẹ́ta ni, oògùn ìrora àti asẹ́ ni màá gbà lọ sílé. Dókítà ní kí n dá oògùn dúró ní ọjọ́ tí òkúta bọ́, kápúsù mẹ́tàdínlógún ló ṣẹ́ kù, mo sì ti dá wọn padà fún apoògùn kí ẹlòmíràn nínú ilé má baà gbé wọn lò.